Ṣílè Tí Mo Fi Omi Eérú Fọ̀

Aláró ni mí ní Abẹ́òkúta, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi ayédèrú. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan láti Papalanto wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní òun fẹ́ fi owó wúrà kan ṣe pàṣípààrọ̀ ṣílè fàdákà méjìlá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ara fu mí.

Wúrà náà wà nínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, máàkì tó ń sọ bí owó náà ṣe dára tó sì wà lára rẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ kan tó ń yẹ owó àtijọ́ wò ló fún un ní máàkì yẹn, pé ẹni tó bá ti rí ike wọn kì í bèèrè ohunkóhun mọ́.

"Èmi á bèèrè," mo dá a lóhùn. "Ta ló yẹ àwọn náà wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti fura jù!"

Mo fura lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti ń jò sínú ìkòkò aró mi láti ọdún méjì, wúrà tó bá jẹ́ ojúlówó á sì tó fi kan òrùlé tuntun. Tó bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Gbogbo ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi láyé ti lọ nìyẹn.

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì wá wo àwọn ṣílè náà. Nílé wa, a kì í gbé ohun tó dọ̀tí síwájú àlejò. Mo bá bu omi eérú tí a fi ń po aró, mo fi iyanrìn kún un, mo fọ ọ̀kan nínú wọn títí orí ọba òyìnbó tó wà lára rẹ̀ fi ń dán yinrin. Inú mi dùn. Mo gbé e lọ han Alájì kan ní Kẹ́mta, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti ń ra owó àtijọ́ kí wọ́n tó bí mi.

"Háà! Kí lo fọ̀ ọ́ fún?" Alájì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "O ti họ ojú rẹ̀ nù! Owó àtijọ́ tí wọ́n bá fọ̀ kì í níye lórí mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i kó tó jókòó."

Ojú tì mí. Àmọ́ bí mo ṣe ń lọ sílé ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn: ẹ̀ẹ́n-ẹ́n, iléeṣẹ́ yẹn náà gbọ́dọ̀ rí i nígbà náà.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ kejì, ẹyọ kan tí mo fọ̀ yẹn nìkan ni mo fún un. Mo ní kí iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò. N ò sọ ohun tí mo ṣe sí i.

Ó lé ní oṣù kan kó tó gbé e dé, nínú ike, pẹ̀lú ìwé dídán kan. Ọmọbìnrin mi kà á sí mi létí: máàkì rẹ̀ ga, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ owó náà, ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́ rí. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Irọ́ pọ́ńbélé! Ọwọ́ mi tó fọ̀ ọ́ nìyí.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé n ò ṣe mọ́, kó máa gbé wúrà rẹ̀ lọ. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó sún mọ́ mi. "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Ìwé yìí ti sọ ṣílè yín di olówó iyebíye. Ẹ jẹ́ n bá yín wá ẹni tó máa rà á."

Kí n má purọ́, ọkàn mi fà sí i. Mo gbójú sókè wo páànù tó ti dógùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo ro ti obìnrin kan níbì kan, tí òjò ń jò sínú ilé tirẹ̀ náà, tó máa kó ogún ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwé tí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo gba ṣílè mi, mo fa ìwé náà ya.

Ó mirí, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Kò burú. Màmá kan ń retí mi ní Ọ̀fàdà. Òun kì í bèèrè ìbéèrè."

"Màmá wo?"

Ó ti gun ọ̀kadà. Mo sáré tẹ̀lé e tòun ti aró lọ́wọ́, mo ń kígbe pé kó sọ ibi tí màmá náà ń gbé fún mi. Kò bojú wẹ̀yìn, n ò sì mọ ẹnì kankan ní Ọ̀fàdà.