Ó Ti Kú, Kò Tíì Dúró

Nígbà tí a ń gbé ní Karmo, ìtì igi ló kún ẹ̀yìn ilé wa. Ìyá mi ń ta igi ìdáná fún àwọn tó ń yan búrẹ́dì. Bàbá mi, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ jíjó irin, ra ẹ̀rọ ìlagi àlòkù kan, wọ́n sì tún un ṣe. A ti tà á báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kékeré, òórùn igi tútù a sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń la igi tí àáké kò ràn. Bàbá mi ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń la igi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yí kẹ̀kẹ́ irin wúwo méjì títí agbára yóò fi jọ sínú wọn. Bí a bá fa ọ̀pá ìfà, eyín kẹ̀kẹ́ a gbá irin gbọọrọ kan mú, irin náà a sì ti igi lu abẹ tó dúró gbọin níwájú. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, igi ti di méjì.

Bàbá mi a máa kìlọ̀ fún ìyá mi pé, "Màmá wọn, má bá a ṣeré o. Ẹranko yìí yára."

Ìyá mi a fi ìlú tí wọ́n ti wá ṣe yẹ̀yẹ́ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ará Kàbbà, ẹ ti tún sọ irin di ẹranko!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, igi mángòrò oníkókó kan há sẹ́nu abẹ. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ké sí ìyá mi bí a ti máa ń sọ ọ́ nílé, "Mà, ó ti kú o!" Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín igi àti irin láti yọ igi náà. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n àwọn kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń yí láìpariwo.

"Fa ọwọ́ rẹ!" Bàbá mi ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi fà á yọ. Bí ìyá mi ti ń yí padà, etí ìró tí wọ́n ró mọ́dìí kọ́ ọ̀pá ìfà. Irin gbọọrọ náà ta jáde, ó sì fọ́ igi náà níbi tí ọwọ́ wọn wà tẹ́lẹ̀.

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi wo ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "O ní ó ti kú. Ṣé òkú ló wá ń la igi báyìí?"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yẹn."

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi fi ọ̀dà funfun fa ilà sára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilà tí ojú kì í rí dáadáa nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré. Kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ sọ pé ó ti kú. Àfi bí a bá rí i pé ilà náà kò mira mọ́ ni a tó lè wí pé, "Ó ti dúró."

Dídúró dè é yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jùlọ. Ìyá mi a jókòó tì mí lórí ìtì igi, wọ́n a fi ọwọ́ ọ̀tún di tèmi mú, a ó sì jọ máa wò ó títí ilà funfun yóò fi yọ kedere.