Ibi Tí Alùpùpù Náà Ti Ń Wúkọ́

Láti yàrá ìdáná wa ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, mo máa ń gbọ́ alùpùpù ọmọ mi kí n tó rí i. Kì í ṣe pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ikọ́ kan ló máa ń wú, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣebàtà. Á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, á dé ibẹ̀, á ṣe "họ̀ọ́", bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun, lẹ́yìn náà á tún máa bọ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn, màá gbé omi ẹ̀bà kaná. Ọmọ mi ti dé nìyẹn.

Alùpùpù náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn. Ó tóbi bí ẹṣin. Òyìnbó kan tí ọmọ mi bá ṣiṣẹ́ yíyẹ ilẹ̀ oko wò ló ń gùn ún láti ìlú dé ìlú, nígbà tó sì ń padà sí ilẹ̀ wọn, ó fi ta ọmọ mi lọ́rẹ. Ó ní gíláàsì níwájú tó ń gba atẹ́gùn dànù, ó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọ̀kan lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ̀ bí àga pálọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é jáde ní ilé iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣe wà, àfi sáílẹ́ńsà rẹ̀, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, tí òyìnbó náà pààrọ̀ sí èyí tó fúyẹ́ nígbà tí ìpẹtà ti jẹ ti àtijọ́. Sáílẹ́ńsà yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ̀.

Epo ni mo kọ́kọ́ fura sí. Nígbà yẹn, bẹntiróòlù kì í sábà sí ní ilé epo, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà la ti ń rà á, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ohun tí wọ́n bù mọ́ ọn. Mo mú aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì, aṣọ funfun tó hun pọ̀ dáadáa, mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí epo tó wọ inú alùpùpù yẹn tí n kò fi ọwọ́ ara mi sẹ́. Mo rí iyanrìn nínú aṣọ náà, mo rí ìpẹtà, mo rí ìyẹ́ eṣinṣin. Alùpùpù náà ṣì ń wúkọ́. Mo ra asẹ́ mìíràn fún ògì, síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, bí ọmọ mi bá ti gbé ife ògì sẹ́nu, á wò mí, á ní, "Màámi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí mi o."

Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ring Road. Gbogbo alùpùpù tó bá ń wúkọ́, kabúrétọ̀ rẹ̀, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, ni wọ́n máa ń tú fọ̀. Mẹkáníìkì náà wá kabúrétọ̀ títí, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnì, ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún.

"Màmá, wọ́n ti jí kabúrétọ̀ yín."

"Ta ló jí i?"

"Ẹni tó tà á fún yín ni."

"Wọn ò tà á fún wa. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni."

Ó mi orí. "Ẹ ò rí i báyìí!"

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Alùpùpù náà kò ní kabúrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, a sì gbé alùpùpù wa padà sílé pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

Ikọ́ yẹn ì bá má dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Bọ́ọ̀sì kan já láti inú gáréèjì láìwo ọ̀nà. Ọmọ mi fún alùpùpù náà níná kó lè sáré kọjá kí bọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti wúkọ́. Ó lọ́ra díẹ̀ kó tó gbéra, bọ́ọ̀sì sì fi etí rẹ̀ ha àpótí ẹ̀yìn. Ọmọ mi fi ṣe àwàdà nígbà tó délé. Mo jáde lọ wo àpótí náà. Mo fi ìka tọ ojú ibi tó ha láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ̀yìn ọmọ mi máa ń wà. Kò jìnnà.

Láàárín àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ tuntun dé fún un. Wọ́n fẹ́ kó lọ máa yẹ ilẹ̀ oko wò ní agbègbè Mínà, alùpùpù náà ni yóò sì gùn lọ. Mo mọ ọ̀nà náà lórí: Mọ́níyà ní ìparí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwá, Bídà. Mo mọ irú tírélà tó ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tó sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ní ohun tí èmi àti ọmọ mi bá fẹnu kò sí ni òun náà máa fọwọ́ sí.

Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Bí nǹkan yìí bá ṣì ń wúkọ́, o ò ní gbé e kọjá Mọ́níyà."

"Bó bá dákẹ́ ńkọ́, Màámi?"

"Bó bá dákẹ́, wàá lọ."

Ó rọrùn fún mi láti sọ ọ́, nítorí ó dá mi lójú pé kò ní dákẹ́.

Ọmọ mi kò bá mi jiyàn. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ló gbà lọ. Àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní Sátidé, èmi náà wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e lọ. Àbúrò mi ṣí ìjókòó alùpùpù náà, ó yọ àpótí irin pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà rẹ̀ rèé."

"Níbo ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

Ó tú àpótí náà, ó sì fi ègé dúdú kékeré kan hàn mí, tó ní ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn. Ó ní òun ló ń ṣe iṣẹ́ kabúrétọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, iye epo tí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ mu bó bá ń rọra lọ, àti iye tó gbọ́dọ̀ mu bó bá ń sáré. Ṣùgbọ́n sáílẹ́ńsà àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ti tuntun yìí ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo kò sì pọ̀ sí i. Ó ní òun máa tún un kọ.

"Bí ẹ̀bà ni," ni àbúrò mi wí. "Gaàrí ti pọ̀ sí i, omi ò kúrò níye tó wà. Kò ní ṣàì há a lọ́fun."

Èyí yé mi. "Nígbà tó o bá ń tún un kọ, ṣé o ò lè bá mi dín agbára rẹ̀ kù?"

"Kí n dín in kù dé ibo?"

"Kó ṣe bíi kẹ̀kẹ́."

Ọmọ mi kígbe, "Màámi!" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ kúkú ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde ní Bódìjà." Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó sì wò mí dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe agbára rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní Challenge. Àìtètè dáhùn rẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó.

Kó tó lè tún un kọ, ó ní láti mọ ibi tó ti ń wúkọ́ gan-an. Ó ní kí ọmọ mi gùn ún yí àdúgbò ká. Ó lọ, ó bọ̀.

"Àǹkù, kò tiẹ̀ wúkọ́ lónìí."

"Ó wúkọ́," ni mo wí. "Nígbà tó o yà lójú títì. Ó tún wú u nígbà tó o ń padà bọ̀, kó o tó dé ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà."

Àwọn méjèèjì wò mí. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo ṣe ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí lẹ́tà kan bá ń lẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, láti yàrá kejì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ.

Àbúrò mi sọ fún ọmọ mi pé, "Ọwọ́ rẹ ti mọ ibi tó ń dùn ún, ó sì ti ń yẹra fún un. O dà bí ẹni tí ehín ń dùn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ máa lọ jókòó lẹ́yìn rẹ̀."

"Èmi?"

"Bó bá ti wúkọ́, ẹ gbá a lẹ́yìn. Bẹ́ẹ bá ti gbá a, á wo aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí tó. Èmi ò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

N kò gun alùpùpù rí láyé mi. Wọ́n wá ṣòkòtò fún mi wọ̀ sábẹ́ ìró, mo tú gèlè, mo fi akoto borí, mo sì gbàdúrà gígùn tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò mi fi ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì láti fi dá mi dúró. A gba Ṣàngó, a gba Mọ́kọ́lá, a sì já sí Dùgbẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá ní Ṣàngó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan yọ orí jáde nínú bọ́ọ̀sì.

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ẹ di ọkọ yín mú o!"

Mo fèsì lábẹ́ akoto pé, "Ọmọ mi ni!" Kò gbọ́.

Mo ti pọn ọmọ yìí rí. Mo rántí bí ẹ̀yìn mi ṣe máa ń gbóná bó bá ti sùn, àti bí mo ṣe máa ń fi ọwọ́ rọra gbá a nídìí, kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ní báyìí, èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí alùpùpù náà bá ti ṣe "họ̀ọ́", màá gbá a léjìká, á sì wo aago. A dé Ring Road, a dé Challenge, a ṣẹ́rí padà. Nígbà tí a fi dé Agbowó, ibì kan náà ni aago wà ní gbogbo ìgbà tí mo gbá a. Àbúrò mi ní ìyẹn dáa, àìsàn tó ní ojúkò kì í ṣòro wò.

Ó fi ègé dúdú náà sínú àpótí kékeré kan tó ní iná aláwọ̀ àlùkò, pé kí iná náà pa ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ó ti kọ́kọ́ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. A jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó yí àwọn nọ́ńbà ibi tí ikọ́ wà sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kan kọ wọ́n padà sínú ègé náà, ó sì dè é mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a tún jáde.

Ọwọ́ mi wà lókè ní gbogbo ọ̀nà, mo ń retí. Ní Ṣàngó, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní òkè Mọ́kọ́lá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo di ẹni tó ń wá ikọ́ kiri. Nígbà tí a dé Challenge, bọ́ọ̀sì kan tún já láti inú gáréèjì, bí ìṣe wọn. Ọmọ mi fún un níná, alùpùpù náà sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n pè tó jẹ́ "ẹ̀ẹ̀n". Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn wa kí n tó pe orúkọ Jésù parí.

Ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ mi, ó sì ń gbá a jẹ́jẹ́.

"Mo ti wò ó, Màámi!" ni ó kígbe. "Ṣé ó wúkọ́ ni?"

"Kò wúkọ́."

"Kí lẹ wá ń gbá mi fún?"

"Máa wo iwájú."

Nígbà tí a padà dé, àbúrò mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bi ọmọ mi ní nǹkan kan, nítorí ọwọ́ ọmọ náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbà. Èmi ló ń wò. Ọmọ mi náà bọ́ akoto, ó ń wo ẹnu mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé etí mi nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí mo bá ní ó ṣì ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó máa jà mí níyàn. Ọmọ mi á gbé e padà sí Bódìjà, Mínà á sì wá ẹlòmíràn. Mo ro gbogbo èyí bí mo ṣe ń yọ akoto kúrò lórí. Okùn rẹ̀ há mọ́ mi lágbọ̀n, ọmọ mi sì tẹ̀ síwájú, ó bá mi tú u.

"Ó ti dákẹ́," ni mo wí.

Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn Agbowó, lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀. Mo ní kó dìde, aṣọ rẹ̀ ń dọ̀tí.

Ìdájí ọjọ́ Ajé ló lọ. Mo ti fọ asẹ́ ògì àtijọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ká a sínú ọ̀rá, mo sì fi í sínú àpótí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì ha. Mo ní epo Mọ́kwá lè dọ̀tí ju ti Ìbàdàn lọ. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣé." Kò fi ṣe àwàdà.

Nígbà tó jáde, mo lọ dúró sí yàrá ìdáná, mo sì tẹ́tí sí ibi òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣebàtà. Ó gba ibẹ̀ kọjá láìwúkọ́. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere, ó ń lọ, ó ń tín-ín-rín, n kò sì mọ ibi tó ti tán.