Gàárì Bọ́ Sínú Gàrí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ìtìjú mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí. Bí ẹ bá ń gbé Kétu, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n sì ti fi iyọ̀ tiwọn sí i. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á!

Èmi Wàídì, mo ti jáde ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ní báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde níbẹ̀ o! Òótọ́ ni pé báàkì náà kọ́kọ́ sá fún mi kó tó jẹ́ kí n mú òun, ṣùgbọ́n mo mú un. Látìgbà náà, iṣẹ́ kò wá, ni mo bá jókòó sí atẹlíẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sikírá, tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà. Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀? Mò ń gán bọ́tìnnì, mò ń lọ aṣọ, mo sì ń pariwo ju màṣíìnì lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan wà, Bàbá Múkáílà. Òun ló tọ́ wa dàgbà nígbà tí bàbá wa kú. Òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì kúrú. Lọ́dún yìí, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní àwọn máa wé láwàní fún un. Inú ilé wa dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí bú mi fún odindi ọ̀sẹ̀. Bàbá ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ lọ́jọ́ náà: òun fẹ́ gun ẹṣin gba ojú ọjà kọjá, bí bàbá tòun náà ṣe gùn ún nígbà tirẹ̀.

Ẹṣin wà. Bàbá kan ní Idigny ló ni ín, Bàbá Ẹlẹ́ṣin la ń pè é. Orúkọ ẹṣin náà ni Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbànú gàárì rẹ̀ ti jẹrà. Ìyẹn awọ gígùn tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá, tó ń di gàárì mú. Bí kò bá sí i, òótọ́ ni pé ẹ jókòó sẹ́yìn ẹṣin, àmọ́ Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tẹ́ ẹ máa sọ̀ sí. Apá òkè lọ́hùn-ún, lọ́nà Parakú, ni àwọn tó ń ṣe é wà, ó sì jìnnà.

Ta ló wá la ẹnu? Èmi ni! Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ní màṣíìnì ni màṣíìnì ń jẹ́, ì báà jẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ awọ, ohun tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ̀ ti di rírán nìyẹn. Bàbá Múkáílà wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi ló máa rán ohun tí n ó jókòó lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn! Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí mo bá rántí rẹ̀, etí mi á gbóná.

Ó wá ku màṣíìnì tí n ó lò. Àǹtí Sikírá ní funfun kan, oníke, tó ń lo iná kúrántì, tó mọ òdòdó yà sára aṣọ. Mo fi awọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ké bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà sì ṣẹ́ pẹ́ú, ègé kan fò gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Àǹtí dìde: "Kúrò níbẹ̀, ìwọ oníbàjẹ́ yìí! Ṣé ìwọ lo rà á?"

Oníbàtà kan wà lójú títì tó ní èyí tí wọ́n fi ń rán bàtà àti báàgì. Ó ní kí n wá jókòó sórí àpótí òun kí n máa rán an. Kí n jókòó síta? Èmi oníbáàkì? Kí àwọn tá a jọ ṣe lísè máa gun ọ̀kadà zẹ́mì kọjá, kí wọ́n máa rí mi láàárín àwọn bàtà tó yanu? Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Ẹ wo ìgbéraga ẹni tí kò ní nǹkan kan lápò!

Èyí tó kù ni màṣíìnì dúdú onírin tí ìyá wa fi kọ́ṣẹ́, tó wúwo bí ọmọ màlúù. Mo tú mọ́tọ̀ kékeré tí Àǹtí so mọ́ ọn kúrò, nítorí awọ kò fẹ́ eré sísá. Mo gbé irin roboto ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórin, ó jó ọwọ́ gígùn kan mọ́ ọn kí n lè máa yí i díẹ̀díẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ nípọn sí i, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ. Mo lo okùn náílọ́ọ̀nù dípò òwú. Mo gbé ẹsẹ̀ màṣíìnì sókè kí ìṣẹ́po awọ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Títí débí, ẹ gbà pé ọpọlọ mi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, torí ibí yìí nìkan ni mo ti lè rí ìyìn gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí!

Àmọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ màṣíìnì, àwọn eyín irin kéékèèké wà tó ń fa aṣọ lọ síwájú. Eyín yìí ń bu awọ mi jẹ, ó ń dá àpá sí i lára. Èmi kò fẹ́ àpá, mo fẹ́ ya fótò! Mo bá mú irin tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, mo fi ha eyín náà títí ó fi dán bí orí apárí.

Lẹ́yìn náà, awọ kò rìn dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ ń gún, ó tún ń gún, awọ sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí èmi láàárọ̀ ọjọ́ tá a bá ní ìṣirò. Ihò abẹ́rẹ́ wá ń fara ro ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níbi tí awọ ti gba inú òrùka irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ gàárì kọjá tó ṣẹ́rí padà, mo rán an níbùú, láti etí kan dé èkejì, ìlà kan ṣoṣo tó gún régé.

Mo rò pé ẹwà nìyẹn! Àǹtí Sikírá alára gbé e sójú. Ó ní, "Háà, Wàídì! Ojú rírán kékeré báyìí? Ọwọ́ ẹ ti mọ́ ju tèmi lọ." Lójú télọ̀, bí ojú rírán bá ṣe kéré tó niṣẹ́ ṣe dáa tó. Mo ya fótò, mo gbé e sórí Wáàsáàpù, mo kọ "Ọ̀gá Aláwọ Kétu" sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò tíì gbàgbé yín o.

Ọjọ́ pé. Bàbá Múkáílà wọ funfun látòkè délẹ̀, láwàní tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé fún un wà lórí rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin di gàárì, ó fa ìgbànú mi wò, ó ní ó dáa. Àwọn obìnrin ń kọrin. Èmi ni mo wà níwájú, mò ń ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo bí ẹṣin. Gbogbo ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ mi ni mò ń sọ fún pé èmi ni mo rán ìgbànú yẹn. Ta ló bi mí?

A dé iwájú àwọn tó ń ta gàrí. Wọ́n hó yèè! Bàbá gbọ́wọ́ sókè láti kí wọn. Mo gbọ́ "kráà!" lẹ́yìn mi.

Ì bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà kó tán síbẹ̀! Rárá o, díẹ̀díẹ̀ ni gàárì ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá ń tẹ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń kí wọn, títí ó fi jókòó fìì sínú ọpọ́n gàrí. Gàárì tẹ̀lé e. Láwàní tú, ó nà gbọọrọ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gàrí.

Ẹnì kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ wá pariwo pé, "Yéè! Gàárì bọ́ sínú gàrí!"

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ dé Adakplamè. Ìyá onígàrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó káwọ́ lérí: "Ta ló máa ra gàrí tí Alùfáà fìdí kí?"

Wọ́n gbé Bàbá dìde. Kò fara pa. Ó gbọn gàrí kúrò nírùngbọ̀n, ó fojú wá mi, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní òun á fi okùn di gàárì, Bàbá ní kó má ṣèyọnu. Ó fẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí nínú aṣọ funfun tó kún fún gàrí. Gígun ẹṣin ni ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sá wọ atẹlíẹ̀, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ àwọn oníbàárà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, agbowó ọjà wọlé wá. Ó fa tíkẹ́ẹ̀tì kan ya látinú ìwé rẹ̀ fún Àǹtí: kráà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn náà ni! Mo fò jáde látẹ̀yìn aṣọ, mo já tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà. Ihò kéékèèké tò lọ létí rẹ̀. Mo mú ìgbànú tó já: ihò kéékèèké tò lọ létí rẹ̀! Okùn mi kò já. Awọ ló ya gba ojú ihò, torí pé èmi fúnra mi ni mo la ọ̀nà yíya fún un. Mo pariwo pé, "Háà! Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo rán!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Agbowó ọjà ò sì mọ ẹnu pa mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ mi ti di Wàídì Tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Múkáílà. Mo nàró, mo ń ṣàlàyé ihò àti eyín màṣíìnì bíi pé mo wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá béèrè bóyá mo jókòó lé e wò nígbà tí mo rán an tán. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé? Mo wolẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ẹṣin ń bà mí.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, o wá gbé e fún mi?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ó ní kí n lọ rán òmíràn. Ó ní èmi ni n ó kọ́kọ́ gùn ún, ojú ọjà yẹn náà sì ni.

Mo wá eyín tuntun lára màṣíìnì kan tó ti kú. Mo sún irin tó ń pààlà ojú rírán lọ síbi tó fẹ̀ jù. Mi ò rán an níbùú mọ́, mo rán an gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, ihò jìnnà síra. Àpá eyín wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò ṣeé yà ní fótò rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi Wàídì ṣe gun Jẹ́jẹ́, mo fọwọ́ méjèèjì di irun ọrùn rẹ̀ mú, mo dijú. Àwọn ará ọjà ń pariwo pé, "Tíkẹ́ẹ̀tì ti gun ẹṣin o! Ẹ gbé gàrí yín kúrò nílẹ̀!" Ìyá onígàrí gbé tirẹ̀ lóòótọ́, ó gbé e rù! Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo lajú, Bàbá Múkáílà ló ń fa ìjánu. Àgbàlagbà tí wọ́n wé láwàní fún ń rìn nílẹ̀, èmi wà lókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ̀. Ó ní, "Jókòó, kò tíì já."

Nígbà tá a dé òpin ọjà, ó ní kí n sọ̀ wàyí. Ó ká agbádá sókè, ó gun ẹṣin. Kò sí orin, kò sí obìnrin kankan tó ń jó, kò sí aṣọ funfun. Èmi ni mo fa ìjánu padà gba ojú ọjà. Nígbà tá a dé iwájú àwọn onígàrí, ó gbọ́wọ́ sókè, ó kí wọn. Mo yíjú wo ìgbànú.

Ìgbànú dì í mú.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tẹ́ ẹ bá rán fún àgbà láti jókòó lé, ẹ kọ́kọ́ fi ìdí tiyín jókòó lé e, kẹ́ ẹ tó ya fótò. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ fi yangàn tó wá já yín kulẹ̀ lójú gbogbo èèyàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kí n dá ìtìjú yìí gbé. Ẹ sì lè pè mí ní Tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti ń dáhùn.