Hàntú Ará Ṣáínà

Ká ní ẹ bá Sàdíátù pàdé ní Pendleton, nítòsí Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1987, ẹ̀yin náà á ní onísùúrù obìnrin lẹ rí. Ohun tí gbogbo Yorùbá Manchester ń sọ nìyẹn. Mọ́rúfù ọkọ rẹ̀ parí yunifásítì, ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ sí Ìbàdàn, òun á ránṣẹ́ pè é. Dípò kó ránṣẹ́, ìyàwó ló fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún Sàdíátù, aṣọ ló ń ká lọ́wọ́. Ó ká a tán, ó mú òmíràn.

"Ìwà lẹwà!" làwọn àgbà obìnrin ń wí. "Kò bú èèyàn, kò sunkún."

Sùúrù wo? Inú rẹ̀ ló ti kú tipiri. Bí wọ́n bá a ṣàwàdà, á fi eyín hàn, ó parí. Mọ́rúfù wá ránṣẹ́ pé òun máa pè lórí fóònù Olúbùsọ́lá ọ̀rẹ́ Sàdíátù ní Sátidé, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó gba ìyàwó tuntun. Sàdíátù wo inú ara rẹ̀ títí, kò rí "bẹ́ẹ̀ ni", kò rí "bẹ́ẹ̀ kọ́".

Ní lọ́ńdìrì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Cheetham Hill, bàbá ará Ṣáínà kan wà tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, Uncle Fung. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán, bàbá á tẹ́ ìwé, á po tàdáwà, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìlú rẹ̀, nípa ìwà, nípa ìbàlẹ̀ ọkàn.

"Uncle Fung, ẹ kọ ti ọkàn fún mi."

Bàbá kọ ọ́ gàdàgbà. "Ọkàn bí omi tó dúró. Wàá gbé e kọ́ sára ògiri."

Ògiri kẹ̀! Ọmọ Alfa Ìsẹ́yìn mà ni Sàdíátù. Nílé tiwọn, ọ̀rọ̀ tó bá máa wo èèyàn sàn, wọ́n á kọ ọ́ sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á mu omi náà; hàntú nìyẹn. Ó délé, ó ki ìwé bọ abọ́ omi, ó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ títí omi fi dúdú. Ó ní bìsìmílà, ó gbé e mì.

Olúbùsọ́lá wọlé bá a. "Yéè! Kí lo jẹ? Ẹnu ẹ dúdú bí ìdí ìkòkò!"

"Hàntú ni."

"Ti Alfa wo?"

"Uncle Fung."

Olúbùsọ́lá ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. "Tó o bá jí lọ́la tó ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, bàbá bi í pé ibo ló gbé e kọ́.

"Mo mu ún."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó wo ojú Sàdíátù ló dákẹ́. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ?"

Sàdíátù ròyìn gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń ròyìn ìlú tí kò dé rí.

"Èyí kọ́ ló yẹ kí n kọ fún ẹ," bàbá wí. "Bí ewé bá já sínú omi tó dúró, omi á mì, kó tó tún dákẹ́. Yìnyín ni tìẹ. Wọ́n ń rìn lórí ẹ, o ò mọ̀."

"Ṣé ọkàn tiyín ti dákẹ́, sà?"

"Èmi tí mò ń bú ẹ̀rọ yìí láràárọ̀? Torí mi ò ní in ni mo ṣe ń kọ ọ́."

Sátidé pé. Fóònù dún nílé Olúbùsọ́lá, ó gbé e, ó nà án sí Sàdíátù.

"Ìyàwó rere," Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀, "ìwọ tí kì í bínú. Mo mọ̀ pé wàá gbà."

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Sàdíátù ò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. "Dáddì" ló ń pè é, bí wọn ò tilẹ̀ tíì bímọ. Ó la ẹnu láti ní "ẹ ṣé, sà."

"Mọ́rúfù."

Olúbùsọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi lò ń pè lórúkọ?"

"Ìwọ ni. Ó dùn mí. Mi ò gbà."

Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Sàdíátù rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ṣé kò sí?" Olúbùsọ́lá bi í.

"N ò tíì mọ̀."

"Jókòó jàre, kó o tó wó lé mi lórí." Ó fa àga fún un, ó sì di ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú.