Gàárì Àna Mi àti Àwọn Ajá Ìlú

Títí di òní, bí òórùn òrí bá gba imú mi, ajá ni mo máa ń rántí. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́lé sí Aké, èmi sì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju iṣẹ́ í ṣe lọ. Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ìtokò. Olóyè ogun ni baba rẹ̀, ó ní ẹṣin kan àti ìyàwó mẹ́ta, ìyàwó kékeré ló sì bí àfẹ́sọ́nà mi. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, mo ń sin àna mi. Mo bá a ro oko, mo bá a ṣẹ́gi, mo bá a tún òrùlé ṣe, síbẹ̀ baba náà kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju "À ń wò ó" lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ń ráhùn pé gàárì òun, awọ àtàtà tí wọ́n rà láti Ìlọrin, ti gbẹ, ó ti ń sán, ó sì ń ha òun ní itan. Ẹ̀bìtì ẹnu kì í tàsé. Mo ní kí Bàbá fi í sílẹ̀ fún mi, pé oníṣọ̀nà awọ ni àbúrò baba mi, pé láti kékeré ni ọwọ́ mi ti mọ awọ. Òótọ́ ni pé àbúrò baba mi ń ṣiṣẹ́ awọ. Ohun tí n kò sọ ni pé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá lọ kí i. Bàbá wò mí títí.

Ó ní, "Lọ́la ni mò ń gun ẹṣin lọ sí ìpàdé ní Aké. Bí o bá tún un ṣe, mo fún ọ lọ́mọ. Bí o bá bà á jẹ́, má padà wá mọ́."

Mo fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nu eruku àti òógùn ẹṣin kúrò, mo sì gbé e sábẹ́ igi kí ó gbẹ ní ibòji. Títí dé ibẹ̀, n kò tíì ṣìṣe. Ìyálé ilé ló kọ́kọ́ dé, ó gbé òrí sínú igbá. Ó ní òrí ni awọ ń fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo kun òrí. Kò pẹ́ ni ìyàwó kejì gbé àdí dé.

Ó ní, "Ta ní ń fi òrí kun awọ? Ṣé ara ọmọ ọwọ́ ni? Àdí ni kí o fi kùn ún, ọmọ mi."

Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo kun àdí. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ló dé kẹ́yìn. Ó yọ́ rìn wá, ó fi aṣọ bo ìkòkò kékeré kan. Ọ̀rá ẹran ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ré kúrò lójú ọbẹ̀, ata àti iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní bí baba òun ti ń tọ́jú awọ nìyẹn. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé rárá nígbà tí wọn kò tíì fún un ní ìyàwó? Mo kùn ún títí gàárì fi ń dán, tí ó sì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó lé e, ó tù ú lára, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tẹ̀ lé e, mo ń yan bí ẹni pé èmi ni mo ni ẹṣin. Ajá kan yọ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé imú sókè. Òmíràn yọ. Kí a tó dé Aké, ajá tó tẹ̀ lé wa ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Èyí tó láyà jù nínú wọn fò sókè, ó lá gàárì, ó sì lá itan Bàbá pẹ̀lú. Ọkùnrin kan tí ń mọ ògiri dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ṣé Ògún lẹ ń kó gbogbo wọn lọ fún?"

Bàbá mi orí sí i bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ti bà mí. Mo ń fi ẹ̀ka igi lé àwọn ajá, wọ́n rò pé eré ni. Nígbà tí a dé ibi ìpàdé, wọ́n jókòó yí ẹṣin ká, àwọn ìjòyè sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bí a ti dé ilé, Bàbá pe èmi àti àwọn ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Kí ni o fi kun gàárì mi?" Mo dojú bolẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo fi ìyá ìyàwó mi sùn nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo dákẹ́. Àwọn ìyá mẹ́ta ń wo òrùlé bí ẹni pé ó ń jò. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn gàárì rẹ̀.

Ó ní, "Òrí ìyálé rèé. Àdí rèé." Ó tún gbóòórùn rẹ̀, èyí pẹ́ díẹ̀. "Ọ̀rá ọbẹ̀ tí wọ́n ní ajá lá lánàá nìyí."

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ajá náà kúkú ti lá a báyìí, Baálé wa."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Ó ní, "Ẹ fún un lọ́mọ. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá fún ọ̀kan nínú yín, ilé yìí ni ó yẹ kó ti fẹ́yàwó." Ayọ̀ kún inú mi. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Irun mi ti funfun báyìí, ìyá àwọn ọmọ mi sì jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Níjẹta ó ní ẹnu ọ̀nà ilé wa kò kọjú síbi tó dára, kí n gbé e lọ sí ẹ̀yìn. Mo ti ń po amọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé ọjọ́ gàárì yẹn ni wọ́n fún mi ní ìyàwó. Èmi ni wọ́n fún un, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.