Àgékù Oògùn Tí Kò Lórúkọ

Àgékù aṣọ ni Sabhagi ti ń rán pọ̀ di kùbùsù ní ìlú Umarkot láti kékeré. Dókítà ọkàn fún ọkọ rẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì; dókítà orúnkún fún un ní òmíràn fún ìrora. Lẹ́yìn tó lo méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní erìgì rẹ̀. Sabhagi mú sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn orúnkún náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Khemchand oloògùn, ẹni tó gé e tà fún un.

"Màmá, sáṣẹ́ẹ̀tì yìí ò lórúkọ," ni Khemchand wí.

"Ìwọ àti àlùmọ́gàjí rẹ lẹ gé orúkọ náà kúrò! Kó àwọn àgékù sáṣẹ́ẹ̀tì tó kù lọ́wọ́ rẹ jáde."

Sabhagi ń fi etí wọn wé ti sáṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rán aṣọ. Ìkẹtàlá ló bá a mu.

Khemchand ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. "Ha! Wọn kì í lo èyí pọ̀ mọ́ oògùn ọkàn! Ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn!"

Sabhagi já àgékù náà gbà kí dókítà lè rí orúkọ rẹ̀, ó sáré jáde lọ gbé ọkọ rẹ̀.