Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ilẹ̀ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Àṣàkẹ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ìbàdí àrán, arẹwà ọlọ́ṣẹ tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán ju ọjà rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ni. Ó kú. Oríkì tirẹ̀ nìkan ni n ó kọ síbí. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn yòókù, títí dé ti bàbá wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ wa ni, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tipasẹ̀ orúkọ dá a mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ibi tí òun àti Àṣàkẹ́ ti ń gé ọṣẹ ló ti sọ ohun tí télọ̀ tó háyà yàrá nílé wa ní Adabraka ń ṣe sí òun. Àṣàkẹ́ ò pariwo. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi." Ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá yá.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní ká kọ́kọ́ sọ fún àwọn àgbà wa, bí a ti máa ń ṣe. Kí a tó dé títì, àgbà márùn-ún ti tò tẹ̀lé wa. Obìnrin kan tó ń ta omi rò pé ìgbéyàwó la ń lọ, ó bi wá pé níbo ni ìyàwó wà.

Mo mọ ohun tí wọ́n bá wá. Bí àgbàlagbà ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ bẹ obìnrin tó tó ọmọ rẹ̀, obìnrin náà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn. Méjì nínú wọn ṣì ní aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ náà.

"Ta ni yóò wá fi apá sí agbádá mi?" Ọ̀kan bi mí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lẹ́nu géètì àgọ́ ọlọ́pàá, èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Ìbàdí ń dùn ún, kò lè yára. Àṣàkẹ́ wò ó, ó sì ṣáájú rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó yíká sọ́tùn-ún, ó yíká sósì, nínú erùpẹ̀ pupa.

"Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí dókítà."

"Àṣàkẹ́, dìde. Àwa la wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ gbà fún mi ná, kí n tó dìde."

"A ò tíì bẹ̀ ọ́ o."

"Mo ti ṣáájú yín dé ilẹ̀, bàbá."

Bàbá há sí àárín, kò dé ilẹ̀, kò lè nàró. Àwọn méjì gbá a mú. Ọlọ́pàá kan jáde, ó fi Háúsá bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nílùú yẹn.

Mo ní, "Wọ́n ń bẹ ara wọn ni."

"Ta ló ṣẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òtítọ́. Mo ní, "Ẹni tó ṣẹ̀ ò sí níbí. Ó wà nílé wa, ó ń ránṣọ."

"Ó dáa, Àṣàkẹ́," ni bàbá wí, "a gbà. Dìde, kí èmi náà lè nàró."

Ọlọ́pàá obìnrin kan lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kọ ìwé fún wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n mú télọ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọ agbádá alápá kan lọ yídì lọ́dún yẹn. Ní ọsibítù, obìnrin kan wà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún kan gbáko ni Àṣàkẹ́ fi ń ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Makola lọ́jọ́ náà, tí yóò lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tí yóò máa dúró dè é.

Ọmọ náà ti di ìyá ọmọ méjì. Nígbà tí Àṣàkẹ́ kú, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta ló wẹ òkú rẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àílà.